Èsì sí ìbéèrè yìí: Inú mi máa ń kùn tí mo bá mu wàrà. Ṣé tí mo bá ń mu ún lójoojúmọ́, ara ọmọ tí mo máa bí á gbà á?

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, bẹ́ẹ bá tiẹ̀ fi wàrà wẹ̀, kò lè yí jíìnì tọ́mọ máa jogún padà. Lactase, ìyẹn èròjà kan tí ara máa ń ṣe, ló ń fọ́ ṣúgà inú wàrà, ara ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń dín in kù tí wọ́n bá ti kúrò lọ́mọdé, òun ló fa inú kíkùn tẹ́ẹ sọ yẹn.

Àwọn darandaran tí ara wọn gbà á, àṣà wọn ló fà á lóòótọ́, àmọ́ ẹni tí jíìnì ẹ̀ ti yàtọ̀ tẹ́lẹ̀ láàárín wọn ló ń rọ́mọ bí jù, ó sì gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ìyàtọ̀ jíìnì ti Yúróòpù àti ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà ò tiẹ̀ jọra.

Tó bá jẹ́ inú tiyín nìkan ni, ẹ máa mu ún díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú oúnjẹ, ó lè mọ́ yín lára.