Ọjọ́ òjò ni ká fi wọn ilé adìẹ

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, Ológúnẹ́rú ní Ìbàdàn là ń gbé. Mo fẹ́ máa sin adìẹ díẹ̀ fún ẹyin tí a ó máa jẹ nílé, bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àyè tó wà lẹ́yìn ilé ìdáná wa fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 12, ó gùn ní 20. Káfíńtà tí mo pè ní ilé ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 ti tó wọn. Bàbá wa nílé ní kí n má wulẹ̀ kọ́ ilé kankan, pé kí wọ́n máa jẹ̀ kiri bíi ti adìẹ ìyá àwọn láyé ọjọ́sí. Ọ̀rọ̀ ta ni kí n gbọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìmúra o, Mà. Káfíńtà yín kò purọ́, àmọ́ òru nìkan ló fi ṣe ìṣirò. Ilé ẹsẹ̀ bàtà 4 sí 4 jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 16. Ẹ pín in fún adìẹ 15, díẹ̀ ló máa lé ní ẹsẹ̀ bàtà kan fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lóru, tí wọ́n bá ti bà sórí igi tí wọ́n sì sún mọ́ ara wọn, àyè yẹn á gbà wọ́n. Ẹ wá wo ọjọ́ kan nínú oṣù Keje, tí òjò bẹ̀rẹ̀ ní ìdájí tí kò dá títí di ọ̀sán. Adìẹ kì í fẹ́ jẹ̀ nínú òjò. Inú àpótí yẹn ni gbogbo wọn máa wà, ìgbẹ́ á máa pọ̀ sí i nílẹ̀, ilẹ̀ á tutù, èyí tó lágbára á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èyí tí kò lágbára lórí àti nídìí títí tí ẹ̀jẹ̀ á fi jáde. Tí àwọn yòókù bá sì ti rí ẹ̀jẹ̀, wọn kì í fi onítọ̀hún sílẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ọjọ́ òjò ni èmi máa ń fi wọn ilé adìẹ.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Òótọ́ lọ̀rọ̀ wọn nípa ìyá wọn, ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ni adìẹ ìyá wọn ń jẹ̀ dé. Tí wọ́n bá sì rántí dáadáa, wọ́n á rántí pé bí ọyẹ́ bá ti dé, lúkúlúkú, àrùn tó ń pa adìẹ, náà á dé, á sì gbá agbo mọ́ láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹ fi mọ́tò, ajá aládùúgbò àti ọwọ́ ọmọ aráyé kún un, ẹ ó rí i pé adìẹ tó ń jẹ̀ kiri nígboro lónìí, orí ló ń kó o yọ. Ẹ̀fọ́ tí ẹ gbìn náà ò ní kù. Ibi tí Bàbá ti jàre ni pé adìẹ gbọ́dọ̀ ní ilẹ̀ tó máa fẹsẹ̀ wà, kó rí oòrùn, kó sì gbọn iyẹ́. Ọgbà la ó fi ṣe ìyẹn fún wọn.

Bí mo ṣe máa pín àyè yín rèé. Ẹ má lò ó tán. Ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà 3 sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí, kí ẹni tó ń gbé omi wọlé tàbí tó ń kó ìgbẹ́ jáde lè rí ọ̀nà gbà. Ó ku 9 sí 20. Ní ìpẹ̀kun tó jìnnà jù sí fèrèsé ilé ìdáná, ẹ kọ́ ilé tó jẹ́ 9 sí 5. Ẹ wá fi nẹ́ẹ̀tì yí 9 sí 15 tó kù ká, kó di ọgbà. Ilé á jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà onígun mẹ́rin 45, ọgbà á jẹ́ 135. Fún agbo kékeré tó ní ọgbà, ohun tí a sábà máa ń wá ni 3 sí 4 nínú ilé àti 8 sí 10 níta fún adìẹ kọ̀ọ̀kan. Adìẹ 15 á rí 3 nínú ilé, 9 níta. Ó gbà wọ́n, ṣùgbọ́n kò sí àyè ìdẹ̀ra kankan níbẹ̀. Tó bá jẹ́ èmi ni, 12 ni mo máa kó. Àgbébọ̀ 12 tó jẹ́ ẹ̀yà ẹlẹ́yin dáadáa lè fún yín ní ẹyin 8 sí 10 lójúmọ́ nígbà tí wọ́n bá ń yé gan-an, ìyẹn á sì tó ilé yín jẹ, ẹ ó tún rí fún aládùúgbò. Oúnjẹ wọn á máa lọ sí bíi kílò kan àbọ̀ lóòjọ́, nítorí náà àpò kílò 25 kan á gbé yín fún bí ọ̀sẹ̀ méjì.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ lórí páànù, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣọ́ owó ná níbi tí kò yẹ. Ẹ jẹ́ kí òrùlé gùn kọjá ara ilé, kó bo ẹsẹ̀ bàtà 6 àkọ́kọ́ nínú ọgbà. 9 sí 6 yẹn jẹ́ 54. Ẹ rò ó pọ̀ mọ́ 45 ti inú ilé, ó di 99, adìẹ 12 á sì ní ju 8 lọ lẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tí òjò kò bá jẹ́ kí wọ́n jáde. Abẹ́ páànù yẹn náà ni kí ẹ gbé omi àti oúnjẹ wọn sí. Omi tí adìẹ ń dà sílẹ̀ wà lára ohun tó máa ń ba inú ilé adìẹ jẹ́ jù, ilẹ̀ tútù ni àìsàn ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ sì fẹ́ràn. Tí owó ò bá tó, ẹ dín iye adìẹ kù, ẹ má dín páànù kù.

Tí ilẹ̀ bá gbà, kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ má baà máa là wọlé tààrà. Ẹ kọ́ búlọ́ọ̀kù ìlà mẹ́ta, kí ó jẹ́ nẹ́ẹ̀tì láti ibẹ̀ dé òkè. Ẹ̀gbẹ́ ìlà-oòrùn nìkan ni kí ẹ fi búlọ́ọ̀kù dí títí dé òrùlé, torí ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ńlá lọ́dọ̀ wa, ìhà ibẹ̀ ló sábà ń gbà wá. Kí iwájú ilé ga tó ẹsẹ̀ bàtà 7, kí ẹ̀yìn jẹ́ 6. Ẹni tó fẹ́ gbá inú rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ wọlé bí ẹní ń jalè. Adìẹ kì í làágùn, ẹnu ló fi ń mí hẹlẹ-hẹlẹ tí ooru bá mú un. Nínú oṣù Kejì àti Ìkẹta, ilé tí atẹ́gùn kò ráyè wọ̀ máa ń pa wọ́n ju ilé kékeré lọ.

Nínú ilé, ohun tí wọ́n máa sùn lé ló ṣe pàtàkì jù. A ti mọ ti adìẹ tó bà lókùn, nítorí náà ẹ má fi okùn tàbí páìpù tín-ín-rín ṣe é. Igi íǹṣì 2 sí 2 tí wọ́n ti fá etí rẹ̀ kó má mú ni kí káfíńtà lò, kó ga tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sílẹ̀. Adìẹ kan nílò bí íǹṣì 9 lórí igi. Ti méjìlá wá jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 9, tó jẹ́ gígùn ilé náà gan-an. Tí ẹ bá ta kú pé 15 lẹ máa kó, ẹ ó nílò igi kejì, kí ó jìnnà sí ti àkọ́kọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà kan, kí méjèèjì sì ga bákan náà. Tí ọ̀kan bá ga jù, orí rẹ̀ ni gbogbo wọn máa jà sí ní alaalẹ́.

Ìtẹ́ mẹ́ta tó fún àgbébọ̀ méjìlá, ẹsẹ̀ bàtà kan níbùú, lóòró àti ní gíga. Kí ó rẹlẹ̀ ju igi tí wọ́n ń sùn lé lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ inú ìtẹ́ ni wọ́n á máa sùn, ẹ ó sì máa fọ ìgbẹ́ kúrò lára ẹyin lójoojúmọ́. Ẹ da pákó fífá láti ṣọ́ọ̀bù káfíńtà sílẹ̀ nínú ilé, kó nípọn tó íǹṣì 3 tàbí 4, ẹ máa yí i, ẹ máa kó èyí tó bá tutù. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ilé ti fún jù, ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níbi tí orí adìẹ dé láàárọ̀ kí ẹ tó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀: tí òórùn ìgbẹ́ bá ta yín lójú, ó ti ń ta àwọn náà.

Nẹ́ẹ̀tì olójú ńlá tí wọ́n ń tà lọ́jà á dá adìẹ dúró, kò lè dá ejò tàbí eku dúró. Ẹ lo olójú kékeré, ti ìdajì íǹṣì, ó kéré tán ní ẹsẹ̀ bàtà 3 ìsàlẹ̀, kí ẹ sì ri ín mọ́ ilẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ẹ ta nẹ́ẹ̀tì bo orí ibi tí páànù kò dé nítorí àwòdì. Tí kànga bá wà nítòsí, kí kànga wà lókè, kí ilé adìẹ wà nísàlẹ̀, kí òjò má baà gbé ìgbẹ́ lọ síbẹ̀.

Ẹ ò nílò àkùkọ láti rí ẹyin jẹ, ariwo ìdájí nìkan lẹ máa rí gbà, àfi tí ẹ bá fẹ́ kí wọ́n pa ẹyin di òròmọdìẹ. Ẹ má sì ra òròmọdìẹ ọjọ́ kan sínú ilé yìí, torí ìyẹn ń fẹ́ iná àti ìtọ́jú tí ilé onínẹ́ẹ̀tì kò lè ṣe. Ẹ ra èyí tó ti tó ọ̀sẹ̀ 16 sí 18, kí gbogbo wọn jẹ́ ẹgbẹ́. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń rà wọ́n, ẹ béèrè àwọn àjẹsára tí wọ́n ti gbà, pàápàá ti lúkúlúkú, àti ọjọ́ tí wọ́n gbà wọ́n. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá dókítà ẹran tó bá wà nítòsí yín, kó lè sọ ìgbà tí èyí tó kàn máa bọ́ sí.