Gbọ́múlélántà fún oko ẹ̀gẹ́? Ẹ rọra o

Òkun o, àbúrò mi. O ní màmá ní Ìsánlú fẹ́ gba ₦100,000 gbọ́múlélántà, ẹ̀yáwó ẹlẹ́gbẹ́ tí wọ́n ń san díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, láti fi dá oko ẹ̀gẹ́, o sì ń béèrè bóyá kí wọ́n gbà á. Tèmi ni pé kí wọ́n má gbà á. Tó bá jẹ́ pé gààrí ni wọ́n ń yan tà tẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Mo ti ṣe alága ẹgbẹ́ obìnrin tó ń gba irú owó yìí rí ní Kàbà. Ẹni tó ra ẹ̀gẹ́ lóko ẹlòmíì, tó bó o, tó lọ̀ ọ́ lẹ́rọ, tó fi jáàkì tẹ omi rẹ̀, tó yan án, owó rẹ̀ lè wọlé kí ọ̀sẹ̀ tó yípo. Ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ tí a gbìn á lo bí oṣù mẹ́sàn-án sí ọdún kan nílẹ̀, bẹ́ẹ̀ sísan kì í dúró dè é. Owó oúnjẹ àti owó iléèwé ọmọ ni wọ́n á máa kó san.

Ká ṣírò rẹ̀. Ká ní èlé jẹ́ 20%, kí màmá san án fún ọ̀sẹ̀ 24: ₦5,000 lọ́sẹ̀ nìyẹn. Kò jọ nǹkan kan létí. Àmọ́ orí ₦100,000 ni wọ́n ti ka èlé náà, bẹ́ẹ̀ tó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ 12, ìdajì owó ti padà sọ́wọ́ olówó. Tí wọ́n bá tún kọ́kọ́ yọ ₦10,000 fún ìpamọ́, màmá á máa sanwó èlé lórí owó tí ọwọ́ wọn ò kàn.

Èyí tó ṣì ń dùn mí ni ìdúró fún ara ẹni: tí ẹnì kan ò bá rí san, àwọn yòókù nínú ẹgbẹ́ ló máa san án. Ọmọ ẹlẹ́ja kan nínú wa ṣàìsàn, owó ọjà wọ ọsibítù tán. Lọ́jọ́ ìpàdé, òṣìṣẹ́ tó ń gbowó ní ẹnikẹ́ni ò ní dìde àfi tó bá pé. A dá a fún un. Ọ̀sẹ̀ kejì, a tún dá a. Ó wá lọ yá tibòmíì láti fi san tiwa, ìtìjú ò jẹ́ kó wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Obìnrin tó mọ ọjà tà ni o!

Àwọn onímọ̀ yẹ irú ẹ̀yáwó yìí wò ní Íńdíà, Ethiopia, Morocco, Mexico, Mongolia àti Bosnia. Ohun tí wọ́n gbé jáde ní 2015 ni pé ó lè ran òwò lọ́wọ́ díẹ̀, àmọ́ kò sọ ìgbé ayé tálákà di ọ̀tun bí wọ́n ṣe ń polongo rẹ̀.

Kí màmá dá àjọ, kí wọ́n sì bẹ̀bẹ̀ kí tiwọn bọ́ sí àsìkò ìgbìn. Tó bá di dandan kí wọ́n yáwó, kí sísan rẹ̀ bọ́ sí ìgbà tí kaṣú ń jáde, láti February sí May, tí owó máa ń wà nílùú. Kí wọ́n sì béèrè níwájú gbogbo ẹgbẹ́: èló gan-an ló máa wọ ọwọ́ wọn, ọjọ́ wo sì ni sísan máa bẹ̀rẹ̀?