Ṣé Ó Ti Pẹ́ Jù Láti Bẹ̀rẹ̀ Ìjàkadì ní Yunifásítì?

ÌBÉÈRÈ: Kóòṣì, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọdún kejì mi rèé ní yunifásítì níbí ní Adó-Èkìtì. Ọmọbìnrin ni mí, kílò 57 ni mo wọ̀n. Ó wù mí láti dara pọ̀ mọ́ àwọn oníjàkadì wa, àmọ́ èyí tí èmi àti àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣe lórí iyanrìn nígbà èwe nìkan ni mo mọ̀. Ẹ̀rù sì ń ba ìyá mi pé eegun mi á ṣẹ́. Kí ni kí n ṣe?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, kò pẹ́ rárá. Àwọn tó ṣáájú rẹ yóò máa dá ọ fún oṣù mélòó kan, má ka ìyẹn sí ìtìjú. Ní ti kílò 57, ìwọ̀n ara ni wọ́n fi ń pín wa, ẹgbẹ́ rẹ ni wàá máa bá jà. Kílò 57 yìí gan-an ni Odunayo Adekuoroye, oníjàkadì obìnrin ọmọ Nàìjíríà, fi gba góòlù ní Ìdíje Commonwealth ní 2018 àti 2022.

Lórí iyanrìn, tí ẹ̀yìn bá ti kan ilẹ̀, ariwo ti ta, ó parí. Lórí máàtì kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbé ọ lulẹ̀ lè gba àmì 2, àmọ́ àfi tó bá tẹ èjìká rẹ méjèèjì mọ́lẹ̀ kó tó lè parí ìjà lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, má dẹwọ́ tí o bá ṣubú. Yí dojú bolẹ̀ kíá, kí o sì máa wá bí wàá ṣe dìde.

Èmi kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ẹnikẹ́ni ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́. Ìṣubú la fi ń bẹ̀rẹ̀. Fa àgbọ̀n mọ́ àyà kí orí má bàa gbá ilẹ̀, ká ẹ̀yìn kò, kí o sì fi apá méjèèjì, láti àtẹ́lẹwọ́ dé ìgúnpá, gbá máàtì pọ̀. Má na ọwọ́ gbọọrọ láti fi gba ara rẹ dúró láé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó lágbára gidi ṣe bẹ́ẹ̀ níṣojú mi, ìgúnpá rẹ̀ sì yẹ̀. Èmi ni n kò tètè kọ́ ọ, ó ṣì ń dùn mí títí dòní. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìdúró: orúnkún tẹ̀, ẹ̀yìn nà, orí sókè, bí ìgbà tí o fẹ́ gbé odó kúrò nílẹ̀. Itan yóò ro ọ́ gan-an.

Ohun tí àwọn olùbẹ̀rẹ̀ kì í fiyè sí ni awọ ara. Ara ń kan ara, òógùn ń pò mọ́ òógùn, làpálàpá sì máa ń ràn níbẹ̀ bí iná ọyẹ́. Gé èékánná rẹ, fi ọṣẹ wẹ̀ kété tí ẹ bá parí, má tún aṣọ àná wọ̀. Tí o bá rí ibi roboto kan tó ń yún ọ, fi han nọ́ọ̀sì, kí o má bọ́ sórí máàtì títí yóò fi san. Etí tó bá wú náà, dọ́kítà ni kó rí i kíákíá, kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tó le.

Jẹ́ kí iyán ọ̀sán ti tó wákàtí mẹ́ta níkùn rẹ kó o tó wá. Ẹni tó bá sì ní kí o febi panú kí ìwọ̀n rẹ lè wálẹ̀, má gbà fún un.

Bá mi kí ìyá rẹ. Bí wọ́n bá ráyè, kí wọ́n wá jókòó wò yín ní ìrọ̀lẹ́ kan tí ẹ bá ń kọ́ ìṣubú, kí wọ́n sì bi kóòṣì yín ní gbogbo ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù.