Ryzen 9 9950X àbí Core Ultra 9 285K: èwo ló yẹ ẹni tó ń gé fídíò?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo fẹ́ to kọ̀ǹpútà orí tábìlì tuntun jọ. Fídíò ni mò ń gé jù, 4K sì ni kámẹ́rà mi fi ń gbà á. Mo tún máa ń kọ kóòdù C++. Bí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń gbá géèmù díẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n ra processor Ryzen 9 9950X ti AMD. Èkejì ní Core Ultra 9 285K ti Intel ni kí n rà, pé core 24 (ẹ̀ka inú processor tó ń ṣe iṣẹ́) ló ní, tí ti AMD sì jẹ́ 16 péré. Mo ti ka èsì ìdánwò kiri títí orí fi ń fọ́ mi. Èwo ni kí n rà?

Ìdáhùn: Ẹ kú làálàá ìwádìí yẹn. Kí n tó dáhùn, ẹ bá mi wo inú kámẹ́rà yín, níbi tí wọ́n ti ń yan irú fídíò tó máa gbà sílẹ̀. Ṣé 4:2:0 ló wà níbẹ̀ àbí 4:2:2? Ohun tí ẹ bá rí níbẹ̀ ló máa sọ èyí tí ẹ máa rà, ju iye core lọ. N óò ṣàlàyé ìdí rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ 24 àti 16 yẹn, torí ó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà.

Core 24 tó wà nínú 285K kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn. 8 péré ni P-core, àwọn alágbára tí ìsáré wọn lè dé 5.7 GHz. 16 tó kù jẹ́ E-core: wọ́n kéré, iná tí wọ́n ń jẹ kò pọ̀, wọn ò sì yára tó àwọn 8 yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé E-core ìran yìí lágbára ju ti àwọn ìran tó ṣáájú lọ dáadáa. Intel tún yọ Hyper-Threading kúrò, èyí tó ń jẹ́ kí core kan gbé thread (okùn iṣẹ́) méjì lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà thread kan ni core kọ̀ọ̀kan ń gbé. 24 náà ni gbogbo rẹ̀. Ti 9950X yàtọ̀. Irú kan náà, Zen 5, ni gbogbo core 16 rẹ̀, òun náà lè sáré dé 5.7 GHz, core kọ̀ọ̀kan sì ń gbé thread méjì. Thread 32 lẹ máa rí bí ẹ bá ṣí Task Manager inú Windows. Torí náà, ẹni tó bá ní 24 ju 16 lọ, tó wá dákẹ́ síbẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan. Níbi iṣẹ́ tó ń lo gbogbo core pátá, bíi kéèyàn fi processor rẹ́ńdà àwòrán nínú Blender, pẹ́kípẹ́kí ni àwọn méjèèjì ń tẹ̀lé ara wọn. Èyí á borí níbí, ìyẹn á borí lọ́hùn-ún.

Ó wá ku fídíò. Kámẹ́rà kì í sábà tọ́jú àwọ̀ gbogbo píksẹ́lì. Nínú píksẹ́lì 4 tó wà pa pọ̀, 2 lókè, 2 nísàlẹ̀, àwọ̀ ẹyọ 1 ni 4:2:0 ń tọ́jú, 4:2:2 ń tọ́jú 2. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ni wọn kì í yọ nínú rẹ̀. Àwọ̀ tó fi lé yẹn máa ń wúlò nígbà tí ẹ bá ń tún àwọ̀ ṣe, tàbí tí ẹ bá ń yọ aṣọ aláwọ̀ ewé kúrò lẹ́yìn èèyàn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kámẹ́rà bíi Sony α7S III àti Canon EOS R5 fi lè gba fídíò HEVC (ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà di fídíò kó má gba àyè púpọ̀) 10-bit 4:2:2 sílẹ̀. Ó dùn ún gbà, àmọ́ títú rẹ̀ nira. HEVC ti di fídíò mọ́ra gan-an, kí ẹ tó lè rí fírémù kan ṣoṣo, nǹkan kan nínú kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ tú u. Bí GPU yín, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bójú tó àwòrán, bá ní ẹ̀rọ ìtúfídíò tó mọ irú rẹ̀, kíá ló máa tú u, core ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé nǹkan ń lọ. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, orí core ni gbogbo ẹrù náà máa já lé.

Inú 285K ni GPU kékeré kan wà tó ní Quick Sync, ẹ̀rọ ìtúfídíò ti Intel, Quick Sync yìí sì mọ HEVC 10-bit 4:2:2 í tú. Premiere Pro tí wọ́n fi ń gé fídíò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, DaVinci Resolve Studio náà mọ̀ ọ́n. GPU kékeré wà nínú 9950X pẹ̀lú, ṣùgbọ́n nítorí kí àwòrán ṣáà lè hàn lójú mọ́níítọ̀ ni wọ́n ṣe fi í síbẹ̀. Kò lè tú 4:2:2. Yàtọ̀ sí Arc tí Intel fúnra rẹ̀ ń ṣe, ọ̀pọ̀ káàdì GPU tó jáde ṣáájú 2025 ni kò lè tú u. RTX 50 ti Nvidia, tó jáde lọ́dún yẹn, ló la ọ̀nà fún àwọn tí kò lo Intel.

Ẹ lè fi ojú ara yín rí i lórí kọ̀ǹpútà tí ẹ ń lò lọ́wọ́, kí ẹ tó ná kọ́bọ̀. Ẹ gbé fídíò kan tó ti inú kámẹ́rà wá sórí timeline nínú ètò tí ẹ fi ń gé fídíò. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ tẹ Performance, ẹ tẹ GPU, kí ẹ wo àpótí tí wọ́n kọ Video Decode sí. Ẹ wá di playhead mú, ìlà tó ń fi ibi tí fídíò dé hàn, kí ẹ máa fà á lọ fà á bọ̀ lórí fídíò náà. Bí ìlà Video Decode bá ń gbéra sókè, tí CPU (processor) sì jókòó jẹ́jẹ́, GPU ló ń tú u, ẹ ò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí Video Decode bá tẹ́ pẹrẹsẹ sílẹ̀, tí CPU ń gun 80%, 90%, tí àwòrán ń kọsẹ̀ tẹ̀ lé ọwọ́ yín, core ló ń jìyà.

Ẹni tó bá bá ara rẹ̀ nínú èyí tí mo sọ gbẹ̀yìn yẹn, tó jẹ́ HEVC 4:2:2 ló ń gé lójoojúmọ́, tí kò sì ní RTX 50, tí kò ní in lọ́kàn láti rà á, kó ra 285K. Mo sọ ọ́ láìfi nǹkan kan bò. Ẹni tó ń gé fídíò kì í fi bẹ́ẹ̀ lo ọ̀pọ̀ wákàtí nídìí rẹ́ńdà. Nídìí fífà lọ fífà bọ̀ yẹn ló ń lò ó, ibẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà ti ń dá èèyàn dúró jù. Àwọn nǹkan kan wà láti kíyè sí ṣá o. HEVC ni mo sọ pé Quick Sync inú 285K ń tú. Bó bá jẹ́ H.264, ọ̀nà ìdìfídíò mìíràn, ní 10-bit 4:2:2 ni kámẹ́rà yín ń gbà, RTX 50 ni kí ẹ wá, òun ń tú méjèèjì. Nígbà tí ẹ bá fi káàdì GPU sínú ẹ̀rọ, ẹ wọ BIOS (ojú ìtò ẹ̀rọ tó ń ṣí kí Windows tó dé) lọ wò ó bóyá wọ́n pa GPU inú processor náà, torí motherboard (pátákó tí gbogbo nǹkan inú kọ̀ǹpútà so mọ́) mìíràn máa ń pa á fúnra rẹ̀. Bí owó ò bá sì tó 285K, tí ẹ sọ̀ kalẹ̀ sí ìpele tó tẹ̀ lé e, ẹ sá fún èyí tí F bá wà nídìí orúkọ rẹ̀, bíi 265KF: wọ́n ti yọ GPU kúrò nínú rẹ̀, Quick Sync ti bá a lọ.

Ọ̀nà kan tún wà tí kò ní kí ẹ ra nǹkan kan, ìyẹn proxy. Ètò tí ẹ fi ń gé fídíò á ṣe ẹ̀dà tó fúyẹ́, òun lẹ máa gé, nígbà tí ẹ bá fẹ́ gbé iṣẹ́ jáde, á padà sórí ojúlówó. Ó ń gba àkókò àti àyè nínú SSD, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pamọ́ sí, àmọ́ ó ń ṣiṣẹ́ lórí processor yòówù.

Bó bá wá jẹ́ 4:2:0 ni kámẹ́rà yín ń gbà, tàbí tí RTX 50 ti wà nílẹ̀, 9950X ni mo máa ní kí ẹ rà. Ìdí tó ga jù lọ́dọ̀ mi ni socket, ihò tí processor ń wọ̀ lórí motherboard. AM5 tí 9950X ń wọ̀ ti wà láti 2022, AMD sì ti ṣèlérí pé àwọn ò ní pa á tì títí dé 2027, ó kéré tán. Ẹni tó ra motherboard AM5 ní 2022 lè tún BIOS rẹ̀ ṣe lónìí kó sì fi 9950X sí i. 285K ń béèrè LGA1851, motherboard LGA1700 tó ṣáájú ò sì gbà á. Ẹni tí kì í to ẹ̀rọ tuntun lọ́dọọdún gbọ́dọ̀ ka èyí sí, torí lọ́jọ́ iwájú, bó bá jẹ́ AM5 ló ní, processor nìkan ló lè pààrọ̀.

Ìdí mìíràn ni AVX-512, àwọn àṣẹ tó ń jẹ́ kí processor ṣírò ọ̀pọ̀ nọ́ńbà lẹ́ẹ̀kan náà. 9950X ní in, 285K kò ní. Àwọn ètò ìṣirò ńláńlá ń jàǹfààní rẹ̀, àwọn kan lára ètò tó ń di fídíò náà ń lò ó. Bí kóòdù C++ yín bá ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ lè dán an wò lórí ẹ̀rọ tiyín láìwá ẹ̀rọ kiri.

Lórí kóòdù yẹn náà, ẹ farabalẹ̀ o, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ná owó síbi tí kò yẹ. Kíkọ́mpáìlì, ìyẹn títúmọ̀ kóòdù sí èdè ẹ̀rọ, máa ń pín sí gbogbo core: bí ẹ bá pàṣẹ make -j32, fáìlì 32 ni 9950X máa dáwọ́ lé lẹ́ẹ̀kan náà. Fáìlì C++ tí template kún inú rẹ̀ lè dá nìkan gba RAM tó 1 GB sí 2 GB. Ẹ fi 32 sọ ọ́ di púpọ̀. Bí RAM yín bá jẹ́ 32 GB, ẹ̀rọ á bẹ̀rẹ̀ sí í kó nǹkan lọ sínú SSD, á tún máa kó o padà, gbogbo core tí ẹ fowó rà á wá dúró máa wò. Ẹ má ra RAM tó kéré sí 64 GB. Lẹ́yìn tí gbogbo fáìlì bá ti parí, linker á so wọ́n pọ̀, bó bá sì jẹ́ linker àtijọ́ lẹ ń lò, core kan ṣoṣo ló máa ń ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ yẹn, àwọn yòókù á káwọ́ gbera. lld àti mold, àwọn linker tuntun, ń pín in fún ọ̀pọ̀ core, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Ẹni tó ń yí ìlà kan padà nínú fáìlì kan kó tó tún un kọ́, tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, á rí àǹfààní nínú linker tuntun ju nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín processor méjèèjì lọ.

Géèmù ò yẹ kó dà yín láàmú. Bí ẹ bá ń gbá a ní 4K, GPU ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́, ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ ìyàtọ̀. Ẹni tí géèmù bá jẹ lógún gidi ni kó wo 9950X3D tó jáde ní March 2025. Core 16 náà ló ní, ṣùgbọ́n L3 cache rẹ̀ jẹ́ 128 MB. Ti 9950X jẹ́ 64 MB, ti 285K jẹ́ 36 MB. Cache dà bí abẹ́rẹ́ àti òwú tí aránṣọ kó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. RAM ni èyí tó gbọ́dọ̀ dìde lọ mú nínú yàrá. Géèmù máa ń dìde púpọ̀, ìdí nìyẹn tí cache ńlá fi ń gbè é.

Iná àti ooru: méjèèjì ń jẹun. 9950X lè fa 230 W, 285K lè fa 250 W nígbà tí iṣẹ́ bá gbóná. Ẹ fi ẹ̀rọ tó ń fi omi mú processor tutù, ti 360 mm, sí i, tàbí èyí tó ní fáànù méjì tó wúwo dáadáa. Ohun kan tí mo fẹ́ràn lára 9950X ni Eco Mode inú BIOS, tó ń dín iná tó ń jẹ kù. Bí ẹ bá gbé e sí 105 W, 142 W ló máa pọ̀ jù tó máa fà, ohun tó ń sọnù nínú iṣẹ́ kò sì tó ohun tó ń dín kù nínú iná rárá. Fáànù ò ní máa pariwo létí yín. NPU tó wà nínú 285K fún iṣẹ́ AI ńkọ́? 13 TOPS (ìwọ̀n ìyára ìṣirò AI) ni. Microsoft ń béèrè 40 fún kọ̀ǹpútà AI tó ń pè ní Copilot+, torí náà ẹ má tìtorí rẹ̀ sanwó.

Bí ẹnì kan bá tún yọjú pé owó Core i9-14900K ti Intel ti wálẹ̀, pé kí ẹ rà á, ẹ ṣọ́ra. Nínú ìran 13 àti 14 ti Intel, tí 14900K wà lára wọn, ni fólítéèjì tó ga jù ti ń ba processor jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Intel gbé microcode (ìtọ́ni inú processor) 0x129 jáde ní August 2024 láti dí i lọ́wọ́, wọ́n sì fi ọdún 2 kún ẹ̀rí ọjà wọn, ṣùgbọ́n èyí tó bá ti bàjẹ́, microcode ò lè wò ó sàn. Àlòkù ìran yẹn ni mo máa ń sọ fún èèyàn pé kó má fọwọ́ kàn.

Èyíkéyìí tí ẹ bá mú, DDR5 nìkan ló ń lò. Ẹ ra RAM ẹyọ 2, ẹ má ra 4. Ìsáré RAM 5600 ni AMD kọ fún ẹyọ 2 lórí 9950X. Bí ẹ bá fi 4 sí i, 3600 ló kọ. 32 GB méjì tàbí 48 GB méjì dáa. Ihò kejì àti ìkẹrin láti ẹ̀gbẹ́ processor ni kí ẹ fi wọ́n sí, A2 àti B2 ni motherboard sábà máa ń pè wọ́n. Nígbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá tan ẹ̀rọ, ojú mọ́níítọ̀ lè dúdú fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kí fáànù máa yí, kí ohunkóhun má hàn. Ẹ̀rọ ló ń dán RAM wò kó lè mọ̀ ọ́n. Ẹ má pa á, ẹ má tú nǹkan kan. Tó bá ti tàn, ẹ wọ BIOS, kí ẹ tan ètò tó ń jẹ́ kí RAM sáré dé iye tí wọ́n kọ sí i lára: EXPO bó bá jẹ́ AMD, XMP bó bá jẹ́ Intel. Bí ẹ ò bá tan án, RAM tí ẹ rà ní 6000 lè máa sáré ní 4800 láti ọjọ́ yẹn lọ.