Ẹ̀yin tẹ́ ẹ béèrè nípa LAUTECH, ọ̀rọ̀ ilé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbọ́

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, mà. Ẹ ní ọmọ yín obìnrin fẹ́ fi LAUTECH, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣe àkọ́kọ́ nínú JAMB, pé iṣẹ́ ẹnjiníà ló wù ú, ẹ sì fẹ́ mọ bó ṣe máa rí fún ọmọ tó ti Ìkòròdú lọ. Ibẹ̀ ni mo ti gboyè, àbúrò mi náà gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ̀kọ́ wọn kò ní kó yín láyà sókè. Ibi tó máa sùn ni kẹ́ ẹ ronú sí.

Kí n kọ́kọ́ mú ti ìtàn kúrò nílẹ̀, torí àwọn kan á ti fi dẹ́rù bà yín. Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1990. Nígbà tí wọ́n yọ Ọ̀ṣun kúrò lára Ọ̀yọ́ lọ́dún 1991, ó di ti àwọn méjèèjì. Ẹ mọ bí ilé tí ọmọ ìyá méjì bá jọ jogún ṣe máa ń rí: tó bá di ká náwó, oníkálùkù á máa wojú èkejì. Bó ṣe di pé ìlẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì fún ọ̀pọ̀ oṣù láti 2016 wọ 2017 nìyẹn. Ìparí ọdún 2020 ni Ọ̀ṣun yọwọ́, Ọ̀yọ́ nìkan ló ni ín báyìí, ìjà yẹn sì ti tán. Ti ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ni n kò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín, ìyẹn kì í kúkú ṣe ti Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan.

Ó wá ku ilé. Ìgboro ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé. Under G, Adéníkẹ̀ẹ́, Stadium, àwọn orúkọ àdúgbò tí wọ́n máa dá fún yín nìyẹn. Under G ló sún mọ́ géètì jù, òun náà ló lárìwo jù, owó rẹ̀ kì í sì í rọjú. Ọmọ tó bá fẹ́ràn ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ẹ jẹ́ kó wọlé sínú díẹ̀, kó máa wọ ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n omi ni ọ̀gá ohun tẹ́ ẹ máa wò. Ìgbà òjò la gba ilé tiwa. Kànga kún dẹ́nu, ejẹ́ńtì búra pé kì í gbẹ. Nígbà tí ọyẹ́ dé, iyanrìn ni dọ̀rọ̀ ń gbé bọ̀. Omi kẹ́ẹ̀gì la ń rà títí òjò fi padà, ẹni tó ní ìdánwò láàárọ̀ á tún jí lóru lọ wá omi ìwẹ̀. Nítorí náà, tẹ́ ẹ bá dé ilé kan, ẹ má bi ejẹ́ńtì. Obìnrin tó ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé ni kẹ́ ẹ bi, kẹ́ ẹ ní, "Lóṣù kẹta ńkọ́?" Kẹ́ ẹ sì mọ̀ pé ọdún àkọ́kọ́ ló ń gbọ́nni lówó jù: yàtọ̀ sí owó ilé, wọ́n á gba ti àgíríìmẹ́ntì, wọ́n á gba kọmíṣọ́n. Ẹ tètè lọ wá a kí wọ́n tó wọlé, torí tí orúkọ àwọn tó wọlé bá ti jáde tán, yàrá gidi kì í pẹ́ tán.

Ní ti ẹ̀kọ́, ọdún márùn-ún ni ẹnjiníà, oṣù mẹ́fà nínú rẹ̀ sì wà fún IT, ìyẹn kí ọmọ lọ kọ́ṣẹ́ nílé iṣẹ́. Ẹ ti máa bá a wojú àwọn ará yín tó wà nílé iṣẹ́ l'Ékòó láti ìsinsìnyí. Fíṣíìsì àti ìṣirò ọdún àkọ́kọ́ ló ń ba GP, ìyẹn àpapọ̀ máàkì, ọ̀pọ̀ jẹ́, kó má fi ṣeré rárá. Tó bá yí ọkàn padà sí iṣẹ́ àgbẹ̀, ẹ bi wọ́n dáadáa, torí Ọ̀yọ́ ti gbé ọgbà kan kalẹ̀ fún ìyẹn ní Ìsẹ́yìn. Tó bá sì jẹ́ dókítà, ilé ìwòsàn Òṣogbo tí wọ́n ti ń kọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ti di ti UNIOSUN, yunifásítì Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Tí bàbá ọmọ bá jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ẹ lọ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀ kíákíá. Owó tí ọmọ onílé ń san kì í dọ́gba pẹ̀lú ti àlejò.

Oúnjẹ kò ní dà á láàmú. Ṣebí ìlú tí wọ́n ti ń jẹ ọkà kí wọ́n tó mu ẹ̀kọ yangan ni. Ọ̀nà ni kó ṣọ́ra fún: láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà pọ̀ níbẹ̀, kó má rin ìrìn alẹ́. Ọkọ̀ Ìlọrin tó bá gbéra láàárọ̀ lè já a sílẹ̀. Kó má sì di bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù láti Ìkòròdú o. Àwọn tó ń parí ẹ̀kọ́ máa ń ta tiwọn ní ẹ̀dínwó.