Ṣé Ojú Mi Ló Tú Àṣírí Mi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Àwa mẹ́rin máa ń ta káàdì póòkà nílé mi ní Kúbwà, ní Àbújá, ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí owó orí tábìlì di ₦3,000, mo fi ₦3,000 mìíràn lé e, bẹ́ẹ̀ ni káàdì ọwọ́ mi kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹ̀gbọ́n kan láàárín wa, tí wọn kì í ju káàdì sílẹ̀ kí ẹlòmíràn lè kó owó lọ, san iye náà, wọ́n sì kó gbogbo owó lọ. Àwọn yòókù ní ojú mi ló tú àṣírí mi. Ṣé kí n kọ́ bí a ṣe ń dijú mágbárí ni, àbí kí n má fi káàdì tí kò dára halẹ̀ mọ́? (Òǹkàwé yín, Kúbwà)

ÌDÁHÙN: Mo gbà pé ojú máa ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ yín ti gbé ọ̀rọ̀ ojú ga jù. Nígbà tí ẹ fi ₦3,000 wá ₦3,000, ìhàlẹ̀ yín kò lè lérè àfi bí ẹni tó wà níwájú yín bá ń ju káàdì sílẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nínú ìgbà méjì. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, àdánù ni, kódà kí ojú yín le bí Àpáta Zuma. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ ọ́ pé ẹ̀gbọ́n yìí kì í sá. Ká tilẹ̀ ní wọ́n ń sá lẹ́ẹ̀kan nínú mẹ́wàá, ẹ óò jẹ ₦3,000 lẹ́ẹ̀kan, ẹ óò sì pàdánù ₦3,000 lẹ́ẹ̀mẹsàn-án: ₦24,000 ti bá a lọ nìyẹn.

Síbẹ̀, kí ẹ má halẹ̀ rárá kò dára. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí káàdì yín dára nìkan lẹ ń fi owó lé owó, àwọn yòókù yóò mọ̀, wọn yóò sì máa sá kí ẹ tó jẹ wọ́n. Nínú ayò ọlọ́pọ́n, gbogbo ọmọ ayò ló wà lójú ọpọ́n. Nínú póòkà, olúkúlùkù ló ní ohun tí ẹnìkejì kò rí, ibẹ̀ sì ni ìhàlẹ̀ ti ń rí ọ̀nà wọlé. John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò ọmọ Họ́ńgárì, ṣe ìṣirò ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé tí òun àti Oskar Morgenstern gbé jáde ní 1944. Ní 1950, Harold Kuhn dín eré náà kù sí káàdì mẹ́ta àti èèyàn méjì, tí olúkúlùkù fi owó ẹyọ kan sílẹ̀, tó sì lè fi ẹyọ kan kún un. Ìṣirò rẹ̀ fi hàn pé, bí ẹni àkọ́kọ́ kò bá fi owó kún un, ẹnìkejì tó di káàdì tó kéré jù lọ mú gbọ́dọ̀ halẹ̀ lẹ́ẹ̀kan gẹ́ẹ́ nínú ìgbà mẹ́ta. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, alátakò yóò máa sanwó wò ó. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀, alátakò yóò máa sá nígbà tí káàdì ẹnìkejì yìí bá dára.

Ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta yìí kò gbọdọ̀ ní ètò tí ẹnikẹ́ni lè ká mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn atapóòkà kan máa ń wo ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá aago wọn: bí ó bá ṣì wà nínú ogún àkọ́kọ́, wọn a halẹ̀, bí ó bá ti kọjá ibẹ̀, wọn a dákẹ́.

Ní ti ẹ̀gbọ́n yìí, ẹ dúró de ìgbà tí káàdì yín bá dára gan-an, kí ẹ wá fi owó tó pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lé e, nítorí pé wọn yóò san án. Àwọn méjì yòókù ni kí ẹ máa halẹ̀ mọ́.