Abẹ́rẹ́ mẹ́ta ti pé, kí ni wọ́n tún fẹ́ tẹ́ẹ̀sì?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ní hemofílíà, ìgbà tí wọ́n dá abẹ́ fún un la ti mọ̀ torí ẹ̀jẹ̀ ọ̀hún ò dá. Ó ti lé ní ogún ọdún báyìí, wọ́n sì ti gún un ní abẹ́rẹ́ àjẹsára hẹpatáítìsì B (àrùn ẹ̀dọ̀) mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, abẹ́ awọ ni wọ́n gún un sí. Dókítà tún ní ká wá ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní owó lásán ni. Kí lẹ rí sí i? Ìyá Àlàbí, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ìyá Àlàbí, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ Bàbá Àlàbí, kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ṣe tẹ́ẹ̀sì yẹn. Kéèyàn gba abẹ́rẹ́ lọ́tọ̀, kí ara gbà á lọ́tọ̀. Hemofílíà nìkan ò ní kí abẹ́rẹ́ má ṣiṣẹ́ o, àmọ́ tó bá jẹ́ abẹ́ awọ ni wọ́n gún un sí, kì í fìgbà gbogbo lágbára tó ti inú ẹran apá, ẹni tó bá tún ń mu sìgá tàbí tó ní HIV tàbí àìsàn kíndìnrín, ara ẹ̀ lè má dáhùn. Ọmọ yín sì ni ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíì sára, òun gan-an ló yẹ kó dá yín lójú pé ó ní ààbò.

Anti-HBs, ìyẹn tẹ́ẹ̀sì tó ń wọn iye ààbò tí abẹ́rẹ́ náà mú wá sínú ẹ̀jẹ̀, ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ṣe, láàárín oṣù kan sí méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ tó gbẹ̀yìn. Ẹ má fi falẹ̀, torí tó bá pẹ́ iye yẹn á máa lọ sílẹ̀ fúnra ẹ̀, ẹ ò wá ní mọ̀ bóyá ara ẹ̀ dáhùn tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ 10 mIU/mL sókè, ẹ dúpẹ́. Tí ò bá tó 10, wọ́n á tún mẹ́ta míì gún un, wọ́n á tún tẹ́ẹ̀sì, tí ò bá tún tó 10, kí wọ́n ṣe HBsAg, tẹ́ẹ̀sì tó ń wá kòkòrò àrùn náà fúnra ẹ̀, bóyá ó ti wà lára ẹ̀.

Tí wọ́n bá fẹ́ gún un nínú ẹran, apá ni o, kì í ṣe ìdí, ìdí ò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ yìí ṣiṣẹ́ dáadáa. Kó kọ́kọ́ gba fákítọ̀ ẹ̀ (oògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dá), kí abẹ́rẹ́ tín-ín-rín ni wọ́n lò, kí wọ́n tẹ ojú ẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì ó kéré tán, kí wọ́n má fi òwú ra á (àwọn nọ́ọ̀sì wa fẹ́ràn kí wọ́n máa ra á, ẹ sọ fún wọn). Tó bá ń dùn ún, paracetamol ni, kì í ṣe aspirin tàbí ibuprofen.

Àwọn àbúrò ẹ̀ tí wọn ò tíì gbà á, kí àwọn náà lọ gbà á, kí ẹnikẹ́ni má sì bá a lo bíléèdì kan náà.